Àkùkọ Inú Búùtù

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ fà mọ́ra. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé kó wá àpótí jókòó lé. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ wà lórí iná, kó lọ dín iná náà kù kó tó máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò gùn, ó sì dùn, ẹran wà ní ìparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹran tó dé, báàgì kan kọ́kọ́ sọnù.

Ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú kan ni, aago kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Màmá Nímọ́tà Ṣọládé jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ojú Ọrẹ nílùú Ọ̀tà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì ọ̀fàdà, ó ń kọrin sí àwọn òkúta náà bí ó ṣe ń jù wọ́n nù. Àwọn ará àdúgbò kì í pè é ní Nímọ́tà mọ́. Màmá Géètì ni wọ́n ń pè é, nítorí ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi dúró ní géètì iléeṣẹ́ bisikíìtì kan ní Sàngó, tó ń yẹ àpò àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ wò bí wọ́n bá ṣíwọ́. Ìwé méjì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ péré ló kà kí bàbá rẹ̀ tó mú un lọ sóko. Síbẹ̀, kò sí ibi tí ọmọ aráyé lè fi bisikíìtì pamọ́ sí tí kò mọ̀. Ó ti rí i nínú gèlè, ó ti rí i nínú fìláàsì ẹ̀kọ, ó tiẹ̀ ti rí i rí nínú ike ìpara tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀. Orin kan ló sì máa ń kọ sí gbogbo wọn ní géètì:

Ṣí i wò, ṣí i wò,
Àpò tí a ò ṣí, a ò mọnú ẹ̀;
Ṣí i wò, ìwọ ẹlẹ́rù,
Ẹni ọwọ́ ẹ̀ mọ́ kì í pẹ́ ní géètì.

Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, bí nǹkan bá sọnù ní Ojú Ọrẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sáré wá.

Ẹni tó sáré wá lọ́jọ́ náà ni Ṣóbándé, ọkùnrin tó ní ọ́fíìsì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, tó máa ń fi mọ́tò pẹ̀lú dírẹ́bà háyà fún àlejò. Bí èèyàn bá bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, dírẹ́bà Ṣóbándé á lọ gbé e. Bó bá sì fẹ́ rin ìlú láti àárọ̀ dalẹ́, òun náà ni yóò fà á kiri.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ. Nǹkan ti bàjẹ́."

"Ṣóbándé, ẹ kú ọ̀sán là ń kọ́kọ́ kí."

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Báàgì kọ́sítọ́mà mi sọnù nínú mọ́tò mi."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Pásípọ́ọ̀tù ẹ̀. Ìlú Ọba ló ti wá, alẹ́ òní ni bàálù ẹ̀ máa gbéra. Kàsúmù ló ń gbé e kiri láti àárọ̀."

Màmá Géètì gbé igbá ìrẹsì kalẹ̀. "Kàsúmù tó máa ń gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú mi?"

"Òun náà ni, mà."

"Dúró, jẹ́ kí n mú gèlè mi."

Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì, ojú ilé le koko. Sájẹ́ǹtì Múìdéènì, ọlọ́pàá àdúgbò, jókòó sábẹ́ fáànù, ó ń jẹ ẹ̀pà láti inú fìlà rẹ̀. Àlejò náà, Morónfólú, obìnrin bí ẹni ogójì ọdún, jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kàsúmù dúró gbọnrangandan ti ògiri, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹni tó ti wa mọ́tò fún Ṣóbándé fún ọdún méje láìfi mọ́tò ha igi rí.

Ṣóbándé na fóònù rẹ̀ síta. Fọ́tò Kàsúmù ló wà lójú rẹ̀, ó ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé olè ni.

"Gúrúùpù wọ́sáàpù àwa onímọ́tò háyà nìyí, Màmá, láti Ọ̀tà títí dé Ìkẹjà. Tí aago mẹ́rin bá lù tí a ò rí báàgì, mo máa fi fọ́tò yìí ránṣẹ́. Bó bá ti lọ, kò sẹ́ni tó tún máa gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé e lọ́wọ́ mọ́."

Kàsúmù ń fún fìlà rẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn.

Màmá Géètì fa àga súnmọ́ àlejò. "Ọmọ mi, ibo lo ti fojú ara ẹ rí báàgì náà kẹ́yìn?"

"Ní Alápòtí, mà, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, Bàbá Àyàntúndé. Èmi ni mo gbé e sí búùtù. Wọ́n fún mi ní àkùkọ kan, wọ́n fi aṣọ pupa so ó lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì."

"Àkùkọ. O ò sọ fún wọn pé bàálù kì í gbé adìyẹ?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n ní bàálù tí ò lè gbé adìyẹ, ṣé èèyàn ló máa wá rí gbé?"

Ẹ̀pà há Sájẹ́ǹtì lọ́fun. Ṣóbándé gbá a lẹ́yìn títí ó fi lọ sílẹ̀.

"Láti Alápòtí ńkọ́?"

"Ìgbẹsà la lọ, ká lè wo ilẹ̀ bàbá mi. Ẹrẹ̀ gbé wa dè lọ́nà oko, ọlọ́kadà mẹ́ta ló tì wá jáde. Nígbà tí a dé Ojú Ọrẹ níbí, mo wọlé lọ kí ọ̀rẹ́ màmá mi, mo ní kí Bọ̀ọ̀dá Kàsúmù dúró dè mí níwájú ilé. Mo lo wákàtí kan àtààbọ̀. Nígbà tí mo jáde, ó wà níbi tí mo fi í sí. Mo ní kó ṣí búùtù. Àkùkọ nìkan ló ń wò mí."

Sájẹ́ǹtì nu ẹnu. "Àwọn ọlọ́kadà yẹn ni. Ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n dúró sí, ibẹ̀ gan-an ni búùtù wà."

"Ṣóbándé, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí búùtù yẹn?"

"Láti inú ni, mà, níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Ti ìta ti bàjẹ́ tipẹ́."

"Ta ló wà nídìí ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń tì í?"

"Bọ̀ọ̀dá Kàsúmù," ni Morónfólú dáhùn, "èmi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

"Jẹ́ káwọn ọlọ́kadà máa bá iṣẹ́ wọn lọ, Sájẹ́ǹtì."

Ọ̀rọ̀ náà gba àwọn ọlọ́kadà là, ṣùgbọ́n ó ti Kàsúmù sínú iná. Gbogbo ojú yí sí i.

"Kàsúmù."

"Mà."

"Ibo lo wà fún wákàtí kan àtààbọ̀ yẹn?"

"Níwájú ilé, mà." Àjà ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Màmá Géètì mi orí díẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ní géètì ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ kan: olè kì í wo ibi tó kó ẹrù sí, gbogbo ibòmíràn ló máa ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó parọ́ nítorí ìtìjú, òkè ló ń wò, bí ẹni pé kí òrùlé wó bò ó. Kàsúmù parọ́, kò sì jalè. Màmá mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, àmọ́ Ṣóbándé ò ní fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.

"Ẹ mú mi lọ síbi mọ́tò."

Kòrólà aláwọ̀ eérú ni mọ́tò náà. Màmá Géètì yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń kọrin lábẹ́ imú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ ẹ̀yìn táyà, ó yọ ọ́ jáde, ó wò ó, ó nu ún sára ìró.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé o ti dé Ìgbẹsà lásìkò òjò yìí?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mà."

"Bàtà rẹ ńkọ́?"

"Bíi ti ẹni tó ń po amọ̀. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n gbé e wọlé."

"Mọ́tò yìí lọ sí Ìgbẹsà láàárọ̀ yìí, ẹrẹ̀ gbé e dè, ó wá ń dán bí ẹyin tí wọ́n bó. Ta ló fọ̀ ọ́?"

Ṣóbándé bẹ̀rẹ̀, ó wo táyà. Òun ló máa ń pariwo pé mọ́tò òun gbọ́dọ̀ mọ́ nígbà gbogbo, mọ́tò tó mọ́ sì ti mọ́ ọn lójú débi pé kò ṣe é ní kàyéfì.

"Ẹ ṣí búùtù."

Àkùkọ náà ga, ó pupa, ogbe orí rẹ̀ dà sí ojú kan bíi fìlà abetí-ajá. Ó jókòó lórí páálí kan tí wọ́n fi bírò dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kọ nǹkan sí, ó wo gbogbo wọn bí onílé tí ayálégbé wá bá ṣàríyànjiyàn. Màmá Géètì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Morónfólú, aṣọ wo lo ní àbúrò bàbá ẹ fi so ó?"

"Aṣọ pupa, mà."

"Wá wo èyí."

"Búlúù ni." Ó fọwọ́ kàn án. "Ó tutù."

"Táwẹ̀lì tí wọ́n fà ya ni, omi ṣì wà lára ẹ̀. Àkùkọ yìí tú lónìí, ẹnì kan sì fi ohun tó bá lọ́wọ́ tún un so, níbi tí omi pọ̀ sí. Àkùkọ ò mọ irọ́ pa. Kàsúmù, àkùkọ ti jẹ́wọ́ o. Ó ku ìwọ."

Kàsúmù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Láti Ìgbẹsà ni àkùkọ yẹn ti ṣu sí gbogbo búùtù. Òórùn náà ń bọ̀ wá síwájú. Mo ní kò dáa kí Àǹtí fi òórùn adìyẹ lọ wọ bàálù. Bí wọ́n ṣe wọlé, mo sáré gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Àmúdà tó ń fọ mọ́tò nísàlẹ̀ ọ̀nà. Òfin ọ̀gá wa ni pé dírẹ́bà tó bá kúrò níbi tí kọ́sítọ́mà fi í sí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ní báàgì sọnù, ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ pé mo kúrò, wọ́n á ní ibẹ̀ ni mo gbé e lọ."

"O fi irọ́ kékeré lẹ ihò ṣòkòtò, ó wá fẹ́ ya gbogbo ìdí ẹ," ni Màmá wí. "Dìde, ilẹ̀ ń gbóná."

Sájẹ́ǹtì ti ń fa bẹ́líìtì sókè. "Àmúdà ló gbé e. Ọ̀ràn ti parí."

"Ọ̀ràn ò tíì jí lójú oorun, Sájẹ́ǹtì. Wọ mọ́tò."

Àmúdà, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan nínú bàtà òjò, ń da ọṣẹ sínú korobá nígbà tí wọ́n dé. Ìyẹ́ adìyẹ lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó kí wọn tán, Sájẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó fa báàgì dúdú kan yọ, ó gbé e sókè.

"Kí ni mo sọ?"

Morónfólú ti na ọwọ́ méjèèjì. Sájẹ́ǹtì ṣí i. Abọ́ ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gaàrí nínú ọ̀rá.

"Oúnjẹ ọ̀sán mi ni, sà," ni Àmúdà wí jẹ́jẹ́. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un lọ sí àgọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá abọ́ padà. Abọ́ ìyàwó mi ni."

Kàsúmù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì yára gbé e mì.

Màmá Géètì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Àmúdà ọmọ mi, má sọ ohun tó o rò fún mi. Ohun tọ́wọ́ ẹ ṣe ni kó o sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Mo kó ohun tó wà ní búùtù jáde, mà, mo kó o sórí bẹ́ǹṣì yìí. Bí mo ṣe gbé àkùkọ kalẹ̀, aṣọ ẹsẹ̀ ẹ̀ tú. Ló bá fò. Ó gba orí ògiri, ó bọ́ sórí páànù, ó gba inú omi ọṣẹ mi kọjá. Èmi àti Kàsúmù lé e títí a fi mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí a mú un, mo ya táwẹ̀lì, mo so ó. Mo wá sáré kó gbogbo ẹrù padà, torí wọ́n ń kán mi lójú."

"Àwọn wo ló ń kán ẹ lójú? Ṣé Kàsúmù nìkan kọ́ ni?"

"Rárá, mà. Mọ́tò méjì ni mò ń fọ̀. Èkejì ò yàtọ̀ sí ti Kàsúmù, Kòrólà aláwọ̀ eérú náà ni, àfi bí ìbejì. Obìnrin kan tó dé fìlà ló gbé e sílẹ̀ kí Kàsúmù tó dé, ó ní kí n tètè ṣe é, òun ń lọ ra epo; Kàsúmù sì ti lọ kó tó padà wá gbé e."

"Ibo lo kó ẹrù tiẹ̀ sí?"

Àmúdà na ìka sí bẹ́ǹṣì. Ìka náà fà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ. "Ibí náà ni, mà."

Ṣóbándé yíjú sí Kàsúmù. "Ó ti gbé e sí mọ́tò tí kì í ṣe tiwa."

"Obìnrin yẹn ti lọ nìyẹn," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Kòrólà eérú ní Ọ̀tà pọ̀ ju eérú lọ. Ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Aago mẹ́ta ti fẹ́ẹ̀ lù. Ṣóbándé wo fóònù rẹ̀, Kàsúmù wo ìka Ṣóbándé. Màmá Géètì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí orin rẹ̀. Ó dákẹ́ lójijì.

"Páálí tí àkùkọ jókòó lé, ta ló ni ín?"

"Mo rò pé Àmúdà ló fi jíǹkí mi," ni Kàsúmù wí, "kí àkùkọ má bàa tún ba búùtù jẹ́."

"Mo rí i lórí bẹ́ǹṣì ni, mà. Mo rò pé páálí lásán ni, mo bá tẹ́ ẹ fún un."

"Kí ni wọ́n kọ sí i?"

Gbogbo àwọn tó mọ̀wé níbẹ̀ ti wo páálí náà ní ìwòkúwò, kò sí ẹnì kan tó kà á.

"Ẹ ò rí ayé," ni Màmá wí, ìdùnnú sì ti ń yọ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ wò ó, ẹ gbójú kúrò. Èmi tí ìwé méjì gbé dè ló ń bi yín ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ gbé àkùkọ dìde."

Kàsúmù gbé àkùkọ. Morónfólú mú páálí náà, ó fi omi sí i, ó nu ún, ó sì kà á sókè: "ÀNÚOLÚWAPỌ̀, Ẹ KÁÀBỌ̀."

Ṣóbándé di orí mú. "Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìyẹn. Àlejò tó ń bọ̀ ní aago márùn-ún ni. Páálí tí Bùsọ́lá máa gbé sókè ní pápá ọkọ̀ òfurufú nìyẹn, kí àlejò lè dá a mọ̀. Bùsọ́lá, dírẹ́bà mi."

"Ǹjẹ́ Bùsọ́lá máa ń dé fìlà?"

"Ojoojúmọ́."

"Mọ́tò wo ló ń wa?"

"Kòrólà eérú, mà. Ọjọ́ kan náà ni mo ra méjèèjì." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá.

"Ìwọ lo bí ìbejì, ìwọ lo ò dá wọn mọ̀," ni Màmá wí. "Ẹni tí Kàsúmù lọ gbé láàárọ̀ wà ní òtẹ́ẹ̀lì, kò nílò páálí. Páálí Bùsọ́lá wà lọ́dọ̀ Kàsúmù. Kí ló máa wá wà lọ́dọ̀ Bùsọ́lá?"

Sájẹ́ǹtì dìde. "Ẹ pe obìnrin náà, kí n bá a sọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá."

"Jókòó, jẹ ẹ̀pà ẹ. Ṣóbándé, pè é, má mẹ́nu ba báàgì rárá. Páálí nìkan ni kó o béèrè. Ẹni tó bá jalè ò ní fẹ́ ṣí búùtù. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ á ṣí i wò."

Ó pè é, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́.

"Bùsọ́lá, ibo lo wà?"

"Mo wà nílé epo ní Sàngó, sà. Ìlà gùn ju ìlà ọ̀run lọ."

"Páálí kọ́sítọ́mà ńkọ́?"

"Ó wà ní búùtù, sà."

"Ṣí i wò fún mi."

Wọ́n gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀.

"Sà? Mi ò rí páálí o. Báàgì dúdú kan ló wà níbí, àkísà pupa kan wà lórí ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀ ni?"

Morónfólú jókòó pẹ̀ẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì tó tutù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Kàsúmù kọ ojú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀. Àkùkọ wà lápá rẹ̀ síbẹ̀, ó ń ṣá fìlà rẹ̀ jẹ.

Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, Bùsọ́lá ti yí mọ́tò padà dé. Morónfólú ṣí báàgì, pásípọ́ọ̀tù wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó dín. Ó gba bírò, ó kọ orúkọ Ànúolúwapọ̀ sí ẹ̀yìn páálí níbi tí àkùkọ ò tíì buwọ́ lù, Bùsọ́lá sì gbéra.

Ṣóbándé nu fọ́tò náà kúrò lójú fóònù níwájú gbogbo wọn. "Kàsúmù, má bínú sí mi."

"Èmi ni mo parọ́, ọ̀gá."

"Òfin tó bá ń mú olóòótọ́ parọ́, Ṣóbándé," ni Màmá Géètì wí, "wàá tún un ṣe."

"Mo ti tún un ṣe, mà. Dírẹ́bà tó bá fẹ́ kúrò, kó pè, kó sọ ibi tó ń lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ọ̀daràn. Sájẹ́ǹtì, ṣé o ò ní mú un ni?"

"Ọ̀daràn wo, mà? Kò sẹ́ni tó jalè."

"Ẹni tó ba búùtù oníbúùtù jẹ́. Ẹni tó já okùn, tó sá mọ́ ìjọba lọ́wọ́. Ẹni tó jókòó lé ẹ̀rí mọ́lẹ̀ láti ọ̀sán, tó ń wo ọlọ́pàá níran."

Gbogbo ojú yí sí àkùkọ. Àkùkọ náà wo òkè.

"Bàálù ò sáà ní gbé e," ni Morónfólú wí. "Màmá, mo fà á lé yín lọ́wọ́."

Ìrẹsì ọ̀fàdà tí Màmá Géètì ti ń ṣà láti ọ̀sán kò lọ lásán. Àmúdà gbé ẹ̀wà rẹ̀ kún un, ó sì dúró ti abọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún ààbọ̀, òórùn ọbẹ̀ ti gba ojúlé mẹ́fà. Wọ́n jókòó yí ìkòkò ká, Màmá mú ìdérí, ó gbé ohùn sókè:

Ṣí i wò, ṣí i wò,
Ìkòkò tí a ò ṣí, a ò mọnú ẹ̀;
Ṣí i wò, ìwọ aláìṣẹ̀,
Ẹni ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ni itan tọ́ sí.

Itan ńlá náà bọ́ sí abọ́ Kàsúmù. Ṣóbándé ya fọ́tò rẹ̀, itan lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu, ó sì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù láti Ọ̀tà títí dé Ìkẹjà. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: "Dírẹ́bà mi nìyí. Ẹ má wulẹ̀ wá bẹ̀ mí, mi ò ní yá yín."

Wọ́n bu apá kan pamọ́ fún Bùsọ́lá. Sájẹ́ǹtì lá egungun tirẹ̀ títí kò fi ku ohun tí ajá lè fi ṣe ẹjọ́. Aago mẹ́fà lù, Kàsúmù ṣílẹ̀kùn fún Morónfólú. Ó wọ mọ́tò pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan, kò tún fi í sí búùtù.

"Bọ̀ọ̀dá Kàsúmù, tí mo bá tún wálé, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá gbé mi o."

"Pẹ̀lú páálí, Àǹtí. Èmi fúnra mi ni màá kà á kí n tó kúrò nílé."

Màmá Géètì dúró lẹ́nu géètì rẹ̀, ó juwọ́ sí mọ́tò eérú náà títí ó fi yí kọ́nà. Kálukú gbọn ìrẹsì kúrò lára aṣọ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gba ilé wọn lọ, ikùn kún, ọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ìkòkò yín ti jinná.